Iyán Tí Àwẹ̀ró Alárenà Kò Jẹ

“Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.” Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó ti gbọ́njú tí kò tíì gbọ́ òwe yìí. Ọmọdé ń pa á bí ó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ tètè sọ oúnjẹ kalẹ̀. Àgbà ń pa á. Kódà, ọ̀lẹ tí kò fẹ́ lọ sóko ń fi í ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé inú ta ni ebi náà kọ́kọ́ wọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ wo ni kò ráyè wọlé lọ́jọ́ náà, mélòó nínú yín ni yóò dáhùn? Ẹ má wojú ara yín. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n títí ìyá tó bí ìyá mi fi rọ́ ọ fún mi, bó ṣe rọ́ ọ náà ni n ó sì ṣe rọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kó fi tirẹ̀ sápò ná, kó jẹ́ kí n sọ tèmi.

Obìnrin kan wà ní ìlú Ìrágbó, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ alárenà ló ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń bá àfẹ́sọ́nà yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ lè má mọ bí iṣẹ́ náà ti tóbi tó. Láyé ìjọ́un, ìdílé ọkọ kì í dédé já wọ ilé ìyàwó kí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Alárenà ló ń lọ, alárenà ló ń bọ̀. Ohun tí ilé ìyàwó bá sọ, inú ni yóò gbé e sí, yóò sì gbé e dé ilé ọkọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò gbọdọ̀ bù kún un, kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí bírò. Inú alárenà ni ìwé wọn.

Àwẹ̀ró mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ogún ọdún ló fi ṣe é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá ìyàwó bá wúkọ́ lórí gbólóhùn kan, Àwẹ̀ró á dé ilé ọkọ, á wúkọ́ síbẹ̀ bákan náà.

Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí kì í fi àmì sára ẹni tó ń ṣe é. Èékánná aláró a máa dúdú, àtẹ́lẹwọ́ alágbẹ̀dẹ a sì máa le. Ti alárenà, ikùn ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í bi àlejò léèrè ohun tó gbé e wá nígbà tí kò tíì jẹun. Omi tútù ni a ó kọ́kọ́ gbé fún un, oúnjẹ á tẹ̀lé e, ẹ̀yìn náà la ó tó wá béèrè pé ṣé kò sí o. Bí Àwẹ̀ró bá sì wọ ilé mẹ́ta lóòjọ́, ìgbà mẹ́ta ni yóò jẹun. Ó jẹ iyán nílé lágbájá, ó jẹ ọkà nílé tàmẹ̀dò, wọ́n tún dì í ní ẹ̀kọ pé kó máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó bá kọ oúnjẹ àna, ó jọ pé ó kọ àna náà ni. Nígbà tí yóò fi pé ọdún márùndínláàádọ́ta, ìró tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì kò yí i ká tán lẹ́ẹ̀kan mọ́. Bí ó bá sì ń gun òkè, orúnkún rẹ̀ á máa ké.

Láṣebìkan ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Àgbẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, ṣé orúnkún rẹ ló ń dún yẹn ni àbí ilẹ̀kùn?”

“Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, olówó orí mi.”

“N kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ara yẹn ti wúwo ju orúnkún tó ń gbé e lọ. Dín oúnjẹ kù. Bí wọ́n bá gbé iyán kalẹ̀, jẹ òkèlè márùn-ún, mu omi lé e, kí o dúpẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ bù sí i fún ọ, fọwọ́ bo àwo.”

Ìmọ̀ràn gidi ni, kí a sọ tòótọ́. Ká ní Àwẹ̀ró gbà á bí wọ́n ṣe fún un ni, kò bá tí sí òwe tí à ń wí yìí. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kì í ṣe ẹni tó ń ṣe nǹkan níwọ̀nba. Òkèlè márùn-ún di mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́ta di ẹyọ kan. Nígbà tó yá, ó rí i pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ ló rọrùn jù láti má jẹ rárá, nítorí ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí ikùn ráyè sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní ilé mẹ́rin láti dé, omi nìkan ni yóò mu láti òwúrọ̀, yóò máa sọ nílé kìíní pé òun ti jẹun nílé, yóò sì máa sọ nílé kejì pé ilé kìíní ti fún òun ní oúnjẹ. Ó tilẹ̀ ń yangàn sí ara rẹ̀ nínú pé, “Bí mo bá jókòó jẹun nílé mẹ́rin, ìgbà wo ni n ó jíṣẹ́ mẹ́rin?”

Tí alẹ́ bá wá lẹ́, ebi á gbẹ̀san. Àwẹ̀ró á wọlé, á ṣí ìkòkò, kò ní dé e mọ́ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi máa dán. Nítorí náà, ara kò fi bẹ́ẹ̀ fọn, agbára ló ń fọn. Ojú a máa ṣú u lójijì. A máa jágbe mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ti ń fi ìka mẹ́ta kọjá ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ìka mẹ́ta yìí ju bí mo ti lè sọ lọ. Bí àwọn ènìyàn bá bi í pé, “Àwẹ̀ró, ṣé ara le báyìí?” ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nígbà tí Ọdẹ́tọ́lá rí ìyàwó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró ni Ọdẹ́tọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n náà bí kó tó kú. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú lórí ẹní, ó ní, “Àbúrò mi, má jẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà sínú ilé òun nìkan.” Àwẹ̀ró ṣèlérí. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé dàgbà, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ló ń pè ní ìyá. Ó wá di ọgbọ̀n ọdún, ọdẹ tó gbójú lójú ẹranko, tó sì ń gbọ̀n níwájú ọmọbìnrin. Àwẹ̀ró tó fi ìyàwó lé ọgọ́rùn-ún ọkùnrin lọ́wọ́, kò rí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Ó máa ń dùn ún wọra. Ìgbà tí Àyọ̀ká, ọmọ-ọmọ Baba Olúgbódi ní ìlú Òkè-Aṣin, sọ pé òun gbà fún un, Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, ó sunkún ayọ̀. Ìlérí òkú ọ̀run ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wá sí ìmúṣẹ.

Ìlú mìíràn ni Òkè-Aṣin, orí òkè ló wà, ará Ìrágbó kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣe wọn. Ọjọ́ tí Baba Olúgbódi yóò ka ẹrù ìdána fún alárenà bọ́ sí ọjọ́ tí iṣẹ́ wọ Àwẹ̀ró lọ́rùn. Ní òwúrọ̀, ó kọ́kọ́ lọ parí ìjà tọkọtaya kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ túká. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ó wà ní abúlé kan tó jìnnà, ó ń gbọ́ tẹnu bàbá tí kò fẹ́ fọmọ fún olókùnrùn. Láti ibẹ̀ ló ti kọjú sí òkè. Ní alẹ́ àná rẹ̀, àárẹ̀ ti mú un tó bẹ́ẹ̀ tó fi sùn láìbọ́wọ́ sí ìkòkò. Ẹ bá mi rò ó wò. Odindi ọjọ́ kan àti ààbọ̀, omi nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́rọ̀ ló dé ilé Baba Olúgbódi. Wọ́n gbé omi fún un, ó mu ún tán. Ìyá Àyọ̀ká gbé iyán kalẹ̀, iyán funfun tó ń gbóná, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran ìgbẹ́ yíyan ń yọrí nínú rẹ̀. Itọ́ kún ẹnu Àwẹ̀ró. Ó rántí ìró rẹ̀, ó rántí ìka mẹ́ta, ó gbé itọ́ mì.

“Ẹ ṣeun o, Ìyá Àyọ̀ká. Oúnjẹ yín á máa pọ̀ sí i. Mo ti yó kí n tó gòkè, ikùn mi ò gba nǹkan kan mọ́.”

“Háà, ẹ kàn tọ́ ọ wò ni.”

“Bí ẹni tó ti jẹ ẹ́ ni mo rí.”

Ìyá Àyọ̀ká wojú Baba. Baba Olúgbódi wo oòrùn. Wọ́n ń retí rẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ìlú lọ́jọ́rọ̀ náà, ó sì ti ń pẹ́. Ó ní kí Ìyá Àyọ̀ká gbé àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó sì fún àwọn láyè, ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

“Àwẹ̀ró, gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí òní ni kí wọ́n wá. Kí wọ́n mú iṣu ogójì wá, kí n má rí èyí tí ọkọ́ bá nínú rẹ̀. Kí wọ́n mú iyọ̀ àpò kan, atare, obì àti orógbó, àti abo ewúrẹ́ tí kò tíì bímọ. Kí wọ́n mú àádùn igbá méjì.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Oyin kì í wọ ilé yìí. Nígbà tí ogun ń lé bàbá ńlá wa, abẹ́ igi oyin ló sá sí, oyin ló sì bo àwọn ọ̀tá tí wọ́n fi padà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, a kì í jẹ ẹ́, a kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ilé wọn wá sílé wa. A kì í kéde rẹ̀, àna nìkan là ń sọ fún. Bí ìdílé kan bá gbé oyin wọlé wa, ọmọ wa kò ní bá wọn lọ. Ṣé ó wọnú?”

Kí ni Àwẹ̀ró ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Ó ń mi orí. Ojú rẹ̀ wà lára Baba, etí rẹ̀ sì là sílẹ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti lọ bá ọbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gbóòórùn irú, ó gbóòórùn èéfín lára ẹran yẹn. Ohùn Baba ń lọ, ó ń bọ̀. Ó gbọ́ iṣu, ó gbọ́ iyọ̀, ó gbọ́ àádùn. Ó gbọ́ oyin pàápàá. Lẹ́yìn oyin, ikùn rẹ̀ bú ramúramù, ó yára fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí àna má baà gbọ́.

“Ó wọnú, Baba,” ló wí.

Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń di igi mú lójú ọ̀nà. Ó jókòó lórí òkúta lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé Ìrágbó, ó bá Ọdẹ́tọ́lá àti bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é. Ó ka ẹrù náà fún wọn láìjókòó, ọjọ́, iṣu, iyọ̀, gbogbo rẹ̀. Ó ka àádùn, ó sì dúró. Nǹkan kan wà lẹ́yìn àádùn. Ó mọ̀ pé ó wà. Bí ahọ́n ṣe máa ń wá eyín tó ti yọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fọwọ́ bà á kiri.

“Ṣé ó tán, Ìyá mi?” Ọdẹ́tọ́lá béèrè.

Àwẹ̀ró rò ó. Ogún ọdún ló ti ń ka ẹrù ìdána. Kí ló máa ń tẹ̀lé àádùn nínú gbogbo ẹrù tó ti kà rí? Ojú rẹ̀ là. “Oyin!” ló wí. “Háà, mo dúpẹ́ pé mo rántí. Oyin ìkòkò kan. Ó sì sọ pé òun ló ṣe pàtàkì jù.” Ara tù ú, ó wọlé lọ bá ìkòkò ọbẹ̀.

Ọdẹ́tọ́lá kò ra oyin. Ó ní ohun tó bá ṣe pàtàkì jù lójú àna òun, ọwọ́ òun ni yóò ti wá. Ó wọ igbó lọ, ó gun igi, ó fa oyin náà yọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdána fi máa pé, ojú rẹ̀ ọ̀tún ṣì wú bí àkàrà.

Wọ́n gòkè lọ́jọ́ náà tayọ̀tayọ̀. Àwọn ìyàwó ilé Òkè-Aṣin fi orin pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dá wọn dúró, wọ́n ṣàwàdà, wọ́n gbà wọ́n wọlé. Àyọ̀ká wà nínú ìyẹ̀wù, ó ń yọjú níbi ihò ilẹ̀kùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù. Wọ́n ka iṣu, ó pé. Wọ́n yẹ ewúrẹ́ wò, ó dára. Ìyá Àyọ̀ká fa ìkòkò kan mọ́ra, ó ṣí ìdérí rẹ̀.

“Yéè! Mo gbé o!”

Ìdérí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Orin dá. Gbogbo ará ilé náà dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà. Baba Olúgbódi kò pariwo. Ó wo oyin, ó wo Ọdẹ́tọ́lá pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó wú, ó ní, “Ẹ di ẹrù yín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ wa kò lọ mọ́.”

Nínú ìyẹ̀wù, Àyọ̀ká fi igbe ta. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ló lanu. Ó ní kí ni àwọn ṣe? Ó ní ẹrù tí wọ́n kà fún àwọn náà ni àwọn gbé wá. Baba Olúgbódi dá a lóhùn pé ẹnu òun ni òun fi sọ fún alárenà wọn pé oyin kì í wọlé àwọn, òun sì bi í bóyá ó wọnú.

Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró.

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀ wàyí. Ó wọ̀ ọ́ gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́, igi oyin, ogun, ọ̀tá, àti ohùn Baba tó rẹlẹ̀. Òógùn bò ó. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá rọra súnmọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí pé, “Sọ pé wọn ò sọ fún ọ. Ta ló wà níbẹ̀? Ẹnu rẹ àti ẹnu rẹ̀ náà ni.” Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ó bá sẹ́, orúkọ tó fi ogún ọdún kọ́ kò ní bàjẹ́, àgbàlagbà ni yóò di òpùrọ́ nínú ilé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọdẹ́tọ́lá àti Àyọ̀ká yóò sì parí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún rán an níṣẹ́ láé?

Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Baba, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ sọ ọ́ yékéyéké. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ̀ rárá, èmi ni mo mú un bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ọbẹ̀ Ìyá Àyọ̀ká ni mò ń gbóòórùn.”

“Ọbẹ̀ wo? Èyí tí o ní o kò jẹ?”

“Òun ni, Baba. Mo ní mo ti yó, irọ́ ni. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, n kò fi nǹkan kan kan ẹnu.”

“Kí ló dé? Ṣé kò sí oúnjẹ ní Ìrágbó ni?”

Àwẹ̀ró sorí kọ́. Ojú tì í. “Mo fẹ́ fọn ni, Baba. Orúnkún ń dùn mí. Wọ́n ní kí n dín oúnjẹ kù, mo bá pa á tì, pàápàá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀.”

Ìyá arúgbó kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Baba Olúgbódi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

“Ẹ̀yin ará ilé mi,” ló wí, “a ní èèwọ̀ oyin, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n a ní òfin mìíràn tó dàgbà jù ú lọ. A kì í sọ̀rọ̀ fún àlejò tí kò tíì jẹun. Mo rí i pé obìnrin yìí kò jẹun. Mo rí ètè rẹ̀ tó gbẹ. Oòrùn ń lọ, mo ń kánjú, mo ní kí wọ́n gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ rú òfin ilé yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ kì í ṣe adájọ́.” Ó na ọwọ́ sí Àwẹ̀ró. “Mo bi í pé ṣé ó wọnú. Níbo ni ìbá wọ̀? Ebi ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá Àyọ̀ká, gún iyán.”

Gún iyán kẹ̀? Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ẹrù wà nílẹ̀ ní títú, àna jókòó lápá ọ̀tún, ará ilé lápá òsì, gbogbo wọn ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí iyán dé, Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ ló gbé omi ìṣanwọ́ jáde láti ìyẹ̀wù. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró, ó bu omi sí i lọ́wọ́.

“Ẹ jẹun, Ìyá mi,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Ọkọ mi ló wà nínú àwo yẹn.”

Àwẹ̀ró gé òkèlè kìíní, omijé bọ́ sínú ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ èkejì. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ó dúró, ó mu omi, ó ṣan ọwọ́. Baba Olúgbódi wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣu, iyọ̀, ewúrẹ́, àádùn, oyin tí kì í wọlé, igi, ogun àti ọ̀tá. Nígbà tó parí, Àwẹ̀ró gba ọ̀rọ̀ náà, ó kà á padà fún gbogbo ilé. Ibi tí Baba ti rẹ ohùn sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ibi tó ti dúró, ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan kò já bọ́.

“Ó wọnú,” ni Baba Olúgbódi wí.

Wọ́n ní kí Ọdẹ́tọ́lá gbé ìkòkò náà, kó dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ó gbé e jáde lọ sí ìdí igi oyin tó wà lẹ́yìn ìlú, ó tú u sílẹ̀, ó rọra fi ẹ̀yìn rìn padà. Oyin kankan kò ta á. Bóyá wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ti ta á tó. Lẹ́yìn náà, àwọn ìyàwó ilé gbé orin, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Àyọ̀ká fi tẹ̀lé wọn lọ sí Ìrágbó.

Ẹ lè máa rò pé iṣẹ́ alárenà ti tán lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Rárá o. Wọ́n tún ń rán an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé obìnrin tó lè jẹ́wọ́ lójú àna kò ní purọ́ fún wọn láé. Ó sì fọn díẹ̀ nígbà tó yá, òkèlè márùn-ún márùn-ún ló mú un fọn, ní ilé kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń ké díẹ̀díẹ̀. Láṣebìkan ní ti ilẹ̀kùn ni.

Ìdí òwe náà nìyẹn, “Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.” Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ rán ẹni tí kò tíì jẹun níṣẹ́, tàbí tó fẹ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó fẹ́ bá a wí, tàbí tó fẹ́ bá a pinnu ohun tó lágbára. Wọ́n sì máa ń pa á fún ẹni tó bá ń febi pa ara rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí ẹwà, tó rò pé orí òun á ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ikùn òun bá ṣófo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọ̀bìà ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ẹ tọ́jú ikùn níwọ̀nba, kí etí lè ráyè gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ pàtàkì tó kàn ń mi orí, ẹ má kọ́kọ́ bínú sí i. Ẹ bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀.